Ìbọn Ni Èènì

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta bọ́síkọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló mọ̀ nínú òwò rẹ̀: ohun tí ẹlòmíràn bá ti lò, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bí bọ́tìnnì kan bá já, á tún wálẹ̀ sí i. Bí epo pupa bá ti ta sí i láyà, ìwọ gan-an ni wàá dá iye tó o fẹ́ san. Mi ò ní í sọ fún un láéláé pé ọjà kan wà ní Amẹ́ríkà tí òfin yìí ti dorí kodò, torí ọjọ́ tó bá gbọ́, ẹ̀dínwó tèmi tán nìyẹn.

Nígbà tí Jack Ruby ra ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ní Dallas, dọ́là 62.50 ni wọ́n tà á fún un. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 1963, ó gbé e wọ abẹ́ ilé àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, níṣojú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ikùn Lee Harvey Oswald, ẹni tí wọ́n mú fún ikú Ààrẹ Kennedy. Ní 1991, wọ́n lu ìbọn náà ní gbàǹjo, ó di dọ́là 220,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí ló wá kún un? Èmi tí mo gọ̀ rí i pé ọta kan ṣoṣo ló jáde nínú rẹ̀. Ṣe ló yẹ kó fúyẹ́ sí i.

Ẹni tó bá mọ ọjà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò ta ìbọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ni ọjà, ìbọn ni èènì.

Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn. Ìbọn tí ọlọ́pàá kan, Pat Garrett, fi pa Billy the Kid, ọ̀daràn ọmọ ọdún 21, ní Fort Sumner lóru ọjọ́ 14 oṣù Keje 1881, ilé gbàǹjo Bonhams tà á ní 2021, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì sí ìbọn kankan tí wọ́n tà ní gbàǹjo tó gbówó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún yẹn kan náà ni ìbọn Al Capone, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn Chicago, èyí tí wọ́n ní ó máa ń pè ní olólùfẹ́ rẹ̀, lọ ní dọ́là 860,000 kí wọ́n tó ro owó onígbàǹjo mọ́ ọn. Ti Bonnie àti Clyde, obìnrin àti ọkùnrin tó jọ ń jalè kiri Amẹ́ríkà, lọ ní 2012: ti Clyde, 240,000, ti Bonnie, 264,000. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe nínú ìdána nìkan, kódà nínú olè jíjà, ti obìnrin ló wọ́n jù. Ọlọ́pàá tí ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì pa tó mẹ́sàn-án, ká má tíì ka àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Fìlà ẹyọ kan nínú tiwọn, mi ò gbọ́ pé ẹnì kan ná an.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti àwọn akéwì Faransé. Paul Verlaine yìnbọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Arthur Rimbaud, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Brussels ní 1873. Ọrùn ọwọ́ lọta bà, Rimbaud kò kú. Síbẹ̀, ilé gbàǹjo Christie's ta ìbọn náà ní Paris ní 2016, 434,500 yúrò. Bí ẹni tó yè bá gbé iye yìí, ẹ jọ̀ọ́, ká ní ojú Verlaine là dáadáa ńkọ́?

Ìwé ẹ̀rí ni ẹ̀mí òwò yìí. Láìsí ìwé ẹ̀rí, irin lásán lẹ rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ rí, tẹ́ ẹ dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, tẹ́ ẹ bá àwọn méjì míì níbẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì tiwọn, ẹ ó tètè lóye rẹ̀. Wọ́n ní ìyá Jesse James, olè tó lókìkí nì, máa ń ra àwọn ìbọn àlòkù jọ, á wá tà wọ́n fún àwọn àlejò pé ti ọmọ òun ni. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ti ọmọ náà lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ní láti pọ̀ ju ẹsẹ̀ alákàn lọ. Mi ò bá ìyá wí. Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹun nínú òwò yìí, òun nìkan ni mo mọ̀ tó ti san owó ọjà ná, ó sin ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ní ibi tó ń dé dúró. Ní 2016, George Zimmerman, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kan, gbé ìbọn tó fi pa Trayvon Martin ní Sanford, ní Florida, ní 2012, síta fún gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún 17 ni Trayvon. Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ dá Zimmerman láre ní 2013, ìjọba sì dá irin rẹ̀ padà fún un. Ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ jàre, mo lérò pé á wá odò kan ju irin náà sí, á sì lọ sinmi. Ọ̀gbẹ́ni yìí bẹ̀rẹ̀ owó láti dọ́là 5,000, ó ń polówó rẹ̀ bí ẹni ń ta ohun ìtàn orílẹ̀-èdè. Ìkànnì àkọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, òmíràn gbà á. Àwọn aláwàdà wá fi orúkọ èké wọlé, wọ́n ń fowó lé owó títí ó fi kọjá mílíọ̀nù 65 dọ́là, kí gbàǹjo náà lè dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọlọ́run á san án fún wọn. Àpò súìtì kan ló wà lára ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Skittles, àti ohun mímu kan. Bó bá jẹ́ ìtàn ni wọ́n ń wá, kí ló dé tẹ́nì kan ò ná súìtì?

"Ìtàn ni mò ń tọ́jú" ni orin wọn. Ó dáa. Ìtàn nílé tirẹ̀. Ìbọn kékeré tí Booth fi pa Ààrẹ Lincoln wà ní Ford's Theatre, gbọ̀ngàn eré kan ní Washington, ẹ lọ wò ó. Ìbọn Oswald, ọkùnrin kan tó ń kó nǹkan jọ ti san nínú owó rẹ̀ fún ìyàwó Oswald kí ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣòfin ní 1965 láti gbà á, ó sì ń bẹ níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí títí dòní. Tiwa náà, ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń tò lọ wò ó. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ gbé e lọ sí pálọ̀ rẹ̀.

eBay, ìkànnì ìtajà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti fòfin de títa ẹrù àwọn apààyàn láti 2001. Ọjà náà kàn ká ẹní rẹ̀ ni, ó lọ tẹ́ ẹ síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ro ó pé ọmọ wa kan ní Houston, tówó ti dé sí lọ́wọ́, ra ọ̀kan. Ó ṣe àpótí dígí fún un ní pálọ̀, ó tan iná kékeré sí i lórí, ó gbé ìwé ẹ̀rí sínú férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bímọ. Màmá wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti wẹ ọmọ.

"Kí lèyí?"

"Ìbọn ni, Mọ́mì. Ohun ìtàn ni. Òun ni wọ́n fi pa ọkùnrin kan ní..."

"Ìwọ lo pa á?"

"Háà, Mọ́mì! Mo rà á ni."

"Èló?"

Ó sọ iye rẹ̀. Màmá wá àga, ó jókòó. Òrùlé ilé bàbá ọmọ yìí ti ń jò láti òjò èṣí.

"Àwọn ẹbí òkú ńkọ́? Wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà? Èló ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

"Mọ́mì, kò sóhun tó lòdì sófin níbẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ti òfin. Ta ló ṣe ètùtù rẹ̀?"

Ọmọ wo ìwé ẹ̀rí. Nọ́ńbà ìbọn wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀. Wọn ò kọ ètùtù sí i.

Nígbà tó fi máa jí láàárọ̀, Màmá ti fi ìró bo àpótí dígí náà, ó ti gbé Bíbélì lé e, ó sì fi ìgò òróró àdúrà kan tì í, bóyá Bíbélì nìkan ò ní ká a. Férémù dorí kodò sílẹ̀, ó ṣófo. Ìwé ẹ̀rí wà ní balùwẹ̀, lábẹ́ ọṣẹ dúdú tí Màmá fẹ́ fi wẹ ọmọ.