Ìpàdé orí Zoom: àwọn wo ló ń dákẹ́?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Ilé iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ́, ní Benin níbí. Ọ̀gá ní kí n darí ìpàdé orí Zoom ní Ọjọ́bọ̀, kí Nàgó, Ègùn, Fọ̀n, tọkùnrin tobìnrin, sọ ibi tó ti ń dùn wọ́n níbi iṣẹ́, kí a mọ ẹni tí a kò kà sí. A ṣe irú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Àwa 18 la wọlé, mẹ́ta péré ló sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn yòókù ń wí "d'accord" (mo gbà) ṣáá. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ṣábẹ́: Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ta ló fẹ́ la ẹnu níwájú ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀, pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ? Kí ọ̀gá jáde. Kí o kó ọ̀rọ̀ wọn lọ bá a, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Láti 1927 ni wọ́n ti ń lo irú òfin bẹ́ẹ̀ ní London, Chatham House Rule: o lè lo ohun tí o gbọ́, o kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó wí i.

Ìyá Ìbejì Kétu: Bàbá, ẹ má bínú, n kò gbà. A ṣe é níbi tiwa. Ìwé dé ọwọ́ ọ̀gá, ó kà á, ó ní, "Ta ló sọ eléyìí?" Àwa mélòó la wà tí kò ní mọ̀ wá? Kí ọ̀gá wọlé, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí ó wá jáde. Kí ó padà wá gbọ́ ní ìparí, kó pa ẹnu mọ́.

Alákọ̀wé Kútọnu: Faransé ni èdè iṣẹ́ ìjọba wa. Tí oníkálukú bá ń sọ èdè ìyá rẹ̀, ìpàdé á dàrú.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, akápò wa wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i ní ọjà Wàndó tó ń ná ata! Ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ á bẹ̀ ẹ́. Ó dórí Zoom, "oui" (bẹ́ẹ̀ ni) nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu: Pín wọn sí yàrá kéékèèké lórí Zoom, mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n sọ èdè tó yá wọn lẹ́nu, kí ẹnì kan wá ṣe ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ aago: Zoom ọ̀fẹ́ á já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú.

Bàbá Ṣábẹ́: Kí gbogbo wọn sì tan kámẹ́rà, ká mọ ẹni tó ń sùn.

Ìyá Ìbejì Kétu: Háà! Ta ni yóò ra mégà (dátà)? Àwọn ìbejì mi á sì gba ẹ̀yìn mi kọjá níhòhò.

Etí Kò Gbọ́: Èmi kì í gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà ni mò ń kà. Bí èèyàn méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ́ pọ̀. Òfin 2017-06 wà ní Benin fún àwa aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló ń ti máíìkì. Ẹni tó ń darí ìpàdé ló ń tì í. Tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹni tó fẹ́ kọ tiẹ̀ kọ ọ́.

Alákọ̀wé Kútọnu: Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, mo gbà. Ọlọ́dẹ yín ńkọ́? Obìnrin tó ń gbálẹ̀? Ṣé wọ́n wà nínú àwọn 18 yẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Rárá. Èmi ni mo kọ ìwé ìpè, n kò fi orúkọ wọn sí i.

Alákọ̀wé Kútọnu: Èdè wo lo fi kọ ọ́?

Ọmọ Àjàṣẹ́: …Faransé ni.