Àtúnṣe: Kì í ṣe Carnegie ló dá ilé-ìkàwé ìlú New York sílẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, pé Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò irin ní Amẹ́ríkà, ló dá ilé-ìkàwé gbogbogbòò ìlú New York sílẹ̀ lọ́dún 1901, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1895 ni wọ́n ti pa ilé-ìkàwé Astor àti ti Lenox pọ̀ mọ́ owó tí Samuel Tilden, gómìnà New York nígbà kan, fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di àjọ kan ṣoṣo. Owó Carnegie, tó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là, wà fún kíkọ́ àwọn ẹ̀ka sí àdúgbò, lórí àdéhùn pé ìjọba ìlú ni yóò pèsè ilẹ̀, tí yóò sì máa gbọ́ bùkátà wọn. Apá yìí gan-an ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Brooklyn àti Queens, tí wọ́n jẹ́ apá ìlú New York, ní àjọ ilé-ìkàwé tiwọn lọ́tọ̀.