The Ex ò ta ara wọn lọ́pọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ olórin tó ń bá ìjọba fà á, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò ni bí ohùn rẹ̀ ṣe le tó àti ẹni tó bú. Èmi kì í kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Bí ó ṣe ń náwó, ẹni tó ń bá jókòó, ẹni tó ń gbé síwájú nígbà tí iná bá tàn sórí pèpéle, ibẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn The Ex, ẹgbẹ́ olórin punk, orin gìtá aláriwo tó ń ta ko àwọn aláṣẹ, láti Netherlands. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1979, wọn ò sì tíì jókòó. Wọ́n tún gbé àwo tuntun jáde ní 2025.

Ìlú Amsterdam le koko nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílé ti ilé pa, ilé ṣófo káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ ò sì ríbi sùn. Ni wọ́n bá ń já ilẹ̀kùn ilé òfìfo, wọ́n ń wọ ibẹ̀ gbé. Ní 30 April 1980, lọ́jọ́ tí Beatrix gorí oyè gẹ́gẹ́ bí ọbabìnrin Netherlands, ìgboro dàrú. Ariwo tí wọ́n ń pa ni pé bí kò bá sí ilé, kò sí ìwúyè. Àárín àwọn èèyàn wọ̀nyí ni The Ex ti jáde. Kódà, ìdí tí wọ́n fi mú orúkọ yẹn ni pé ó yá kọ sára ògiri. Kí ọlọ́pàá tó dé, o ti kọ ọ́ tán.

Ní Wormer, ìlú kékeré nítòsí Amsterdam níbi tí wọ́n ń gbé nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ bébà kan wà tó ń jẹ́ Van Gelder. Nígbà tí ó kógbá sílé, wọ́n ṣe àwo kékeré mẹ́rin sínú páálí kan ní 1983, gbogbo rẹ̀ lórí ilé iṣẹ́ yẹn àtàwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní 1986, tí ogun abẹ́lé Sípéènì pé 50 ọdún, wọ́n tẹ ìwé àwòrán tó nípọn lórí àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ tó gbé ìjọba ara wọn kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ki àwo kékeré méjì sí i. Orin mẹ́rin péré! Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wo ló máa gbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá kankan ò sí lórí wọn tí wọ́n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn fúnra wọn ló ń gbé ọ̀pọ̀ àwo wọn jáde. Òmìnira tí wọ́n ń kọ lórin, òun náà ni wọ́n ń jẹ.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti gbà mí lọ́kàn pátápátá ni Ethiópíà. Ní 2002 wọ́n lọ ṣeré káàkiri ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe bàbá kan wá sí ayẹyẹ 25 ọdún wọn ní 2004. Getatchew Mekuria lorúkọ bàbá náà. Wọ́n bí i ní 1935, ó sì ti ń fọn saxophone kí púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn tó dáyé. Láyé àtijọ́, àwọn jagunjagun ilẹ̀ wọn máa ń ké shilela kí wọ́n tó lọ sójú ogun. Bàbá yìí gbé igbe náà sínú saxophone: ó ń gbọ̀n, ó ń halẹ̀, bí ìgbà tí ọdẹ ń ki Ògún. Nígbà tí ó gbọ́ The Ex, ó ní àwọn wọ̀nyí ni òun fẹ́ kó bá òun ṣe àwo. Àgbà ló yan àwọn ọmọ. Wọ́n kọ́ orin rẹ̀, wọ́n sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. *Moa Anbessa* ni wọ́n pe àwo náà, ó jáde ní 2006.

Ẹ wo fídíò wọn. Bàbá dúró gbọn-in níwájú pẹ̀lú irun kìnnìún. Terrie Hessels ń fi ọ̀pá ìlù ha okùn gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Katherina Bornefeld, tó ti ń lu ìlù fún wọn láti 1984, ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ orin yẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bo bàbá mọ́lẹ̀. Bàbá náà kú ní 2016.

Àwọn kan máa ní kí ni orin wọn wá yí padà? Ṣebí ìjọba Netherlands fòfin de gbígbé ilé òfìfo ní 2010. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ mélòó tó bẹ̀rẹ̀ nígbà kan náà, tó ti di ẹni tó ń kọ orin àná fún owó. G.W. Sok tó ń kọrin fún wọn kúrò ní 2009. Arnold de Boer wọlé, wọ́n sì ń kọ orin tuntun lọ. Arnold yìí kan náà ló ń gbé àwo King Ayisoba, ọmọ àríwá Ghánà tó ń ta kologo, ohun èlò orin olókùn méjì, jáde ní Yúróòpù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àwo àkọ́kọ́. *Moa Anbessa* ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́ ẹ sì yí ohùn rẹ̀ sókè dáadáa.