Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Di Kọ́kọ́rọ́ Jẹnẹrétọ̀ Mú

Ó ti sú mi o. Ẹ̀yin tá a jọ wà ní láàbù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Iná náà ni. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ti kọjá ohun tí èèyàn lè gbé mì.

Omidùn ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, omi kíkan orí ògì tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ àgbo. Ọjà Jagun ni mo ti ra àgbàdo, èmi ni mo rẹ ẹ́, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bu omi orí rẹ̀ láràárọ̀, ìgò mẹ́ta lójúmọ́, kí n lè mọ bí lactic acid àti acetic acid, ásíìdì méjì tó ń mú un kan, ṣe ń pọ̀ sí i. Ìgò 12. Mo kó wọn sí firísà.

Aago méje àárọ̀ ni mo ti dé láàbù. Mo fi NaOH, ìyẹn sódà kọ́stíìkì, gbé pH wọn (òṣùwọ̀n kíkan) dé 8, torí bí ásíìdì ò bá tíì bọ́ háídírójìn rẹ̀ sílẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ inú kátíríìjì, ike róbótó kékeré tí ìyẹ̀fun tó ń di ásíìdì mú wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ da methanol sínú kátíríìjì láti fi rẹ ìyẹ̀fun náà, mo da omi tẹ̀ lé e. Kátíríìjì 12, owó ara mi ni mo fi rà wọ́n, owó dọ́là! Owó láàbù tí a ń san, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Mo rọ omidùn sí i, mo tan ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kó lè máa fà á wá sísàlẹ̀, mo yí kọ́ọ̀kì títí ó fi ń kán tó, tó, tó, bíi mílílítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Kò gba ìkánjú. Súgà ló yẹ kó kọjá lọ, kí ásíìdì dúró. Bí èèyàn bá yára fà á, ásíìdì náà á bá omi lọ.

Wọ́n mú iná lọ.

Mo sáré wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó lọ síbi òkú. Mo dé ọ́fíìsì kejì, wọ́n ní kò sí dísù, àfi kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà! Ibi tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni iná dé. Kí n tó sáré padà, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ti gbéra, ó ti fa gbogbo omidùn yẹn gbá sísàlẹ̀. Mo tẹjú mọ́ kátíríìjì kìíní: ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Méjèèjìlá bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ǹ bá ti pa swíìṣì. Ṣé èmi ni mo mú iná lọ ni?

Omi tá a fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń se omi ò rí iná lò, ni wọ́n bá ní ká máa ra omi bátìrì. Mo kán silver nitrate, kẹ́míkà tá a fi ń dá chloride inú omi mọ̀, sínú ọ̀kan, ó funfun bí omi ẹ̀kọ. Chloride ni, irú èyí tó wà nínú iyọ̀! Chloride yẹn ni yóò máa bá ásíìdì du ààyè nínú kátíríìjì. A sọ ọ́, wọ́n ní àṣejù ni tiwa.

Iná yẹn ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n tún fi mú un lọ, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó dé. Èyí ló dùn mí wọ egungun. Omidùn tó ṣẹ́kù ní firísà yọ́. Mo ṣí ìgò ọjọ́ kìíní, òórùn kíkan gbá mi nímú. Ohun tó ń mú ògì kan ò dúró de ẹnikẹ́ni. Omi ọjọ́ kìíní ti di ti ọjọ́ kẹrin. Ta ni yóò bá mi dá ọjọ́ kìíní padà? Ọ̀gá mi ní, "Ṣé o ò kàn lè tún un ṣe ni?" Mo ní, "Màá tún un ṣe, sà." Mo jáde, mo sunkún lẹ́yìn ilé.

Ẹ ra ínfátà sí láàbù yẹn! Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń dúró síbẹ̀! Mo ti rẹ àgbàdo míì lálẹ́ àná. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo ń tọrọ.