Tú Àpò, Lé Kóòṣì: Irọ́ Tó Dùn Létí

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún péré ni bọ́ọ̀lù náà ti bẹ̀rẹ̀ tí bọ̀dá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi dìde. "Ahun ni ọkùnrin tó ni ẹgbẹ́ yìí! Kó tú àpò, kó lé kóòṣì yìí lọ sílé, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá a ò ní gba ife!" Àwọn tó yí wa ká ń mi orí. Ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo wo aago mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó jù mí lọ, ẹni tínú ń bí kì í sì í gbọ́ ìṣirò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹgbẹ́ kan ò ní tíì pàdánù lẹ́ẹ̀mejì léra tí gbogbo ayé á ti máa ta oògùn kan náà: kí olówó náwó, kí kóòṣì máa lọ. Àfi bíi pé wọ́n ń ta ife lórí àtẹ níbì kan, tí ahun ò jẹ́ kí ọ̀gá lọ rà á.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó gba ìmọ̀ràn yín, tó ṣe é délẹ̀délẹ̀. Ó wà. Farhad Moshiri ló ń jẹ́, Everton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ tó rà wọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016.

Kò sẹ́ni tó lè pe ọkùnrin yẹn láhun. Ńṣe ló ná owó bí ẹni tí wọ́n ní kó ná an tán kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ rántí ìgbà ọjà ríra ọdún 2017. Everton ta Romelu Lukaku fún Manchester United ní £75 mílíọ̀nù. Góòlù 25 ni Lukaku gbá wọlé ní líìgì ní sáà tó ṣáájú. Owó Lukaku ń bẹ nílẹ̀, owó ọ̀gá náà ń bẹ nílẹ̀. Kí ni wọ́n fi rà? Wọ́n ra Davy Klaassen láti Ajax, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn àtamátàsé. Wọ́n mú Wayne Rooney padà wálé, òun náà kì í sáré síwájú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn àtamátàsé ló ti ń gbá. Ìyẹn ò tó. Wọ́n tún gbé nǹkan bíi £45 mílíọ̀nù kalẹ̀ fún Gylfi Sigurdsson, owó tí ẹgbẹ́ náà ò ná sórí ẹnì kan rí. Níbo ni Sigurdsson ń gbá? Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ. Ọkùnrin mẹ́ta, àga kan ṣoṣo. Ẹni tó máa rọ́pò góòlù 25 yẹn ní ti gidi, wọn ò rà á.

Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, Arsenal wá nà wọ́n ní 5-2 nílé ara wọn. Wọ́n bọ́ sí ipò kejìdínlógún. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú tí wọ́n fi lé Ronald Koeman, kóòṣì wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: owó ti jáde, kóòṣì ti lọ. Ìmọ̀ràn yín ti pé. Ó yẹ kí ife máa bọ̀.

Sam Allardyce ló dé, kò lò tó oṣù mẹ́fà. Marco Silva dé, ó lọ. Wọ́n wá gbé Carlo Ancelotti wá, ẹni tó ti gba Champions League lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà yẹn. Sáà kan ṣoṣo tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ipò kẹwàá ló bá wọn dé, Real Madrid sì pè é, ó lọ. Rafael Benítez dé, kò pé oṣù méje. Frank Lampard dé, kò pé ọdún kan. Sean Dyche dé. Ipò tí wọ́n wà ní òpin sáà mẹ́jọ nìyí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: 7, 8, 8, 12, 10, 16, 17, 15. Ẹ tún un kà. Bí owó ṣe ń jáde sí i ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ife ńlá tí wọ́n gbà kẹ́yìn, FA Cup ti ọdún 1995 ni, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Moshiri fi ta ẹgbẹ́ náà ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Ìyẹn nìkan tiẹ̀ kọ́. Òfin Premier League nígbà yẹn ò gbà kí ẹgbẹ́ pàdánù ju £105 mílíọ̀nù lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Everton kọjá rẹ̀. Wọ́n yọ pọ́ìntì mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di mẹ́fà. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún yọ méjì sí i. Owó tẹ́ ẹ ní kó ná yẹn gan-an ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà.

Kí ló dé tó fi ń rí bẹ́ẹ̀? Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lórí. Ẹni tí èkíní rà kò wúlò fún èkejì, ẹni tí èkejì rà di ẹrù sí ẹ̀kẹta lọ́rùn, owó oṣù gbogbo wọn sì ń lọ lábẹ́lẹ̀.

Mi ò kà á níbì kankan, ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo ṣì ń gbá ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kékeré kan, ẹni tó ń náwó lé wa lórí pààrọ̀ kóòṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní sáà kan. Èkíní ní tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, kí oníkálùkù di ẹni tirẹ̀ mú. Èkejì ní rárá, kí kálukú ṣọ́ ibi tó dúró sí, kó má wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta dé, ó ní kí ẹni méjì lọ dúró ti òpó, káwọn tó kù di èèyàn mú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, kọ́nà kan dé. Mo sá lọ síbi òpó. Ẹnì kejì mi tó yẹ kó wà lópó kejì dúró ṣinṣin láàárín, ó ń ṣọ́ ibi tirẹ̀. Ẹni tó yẹ kó di ọmọ tó wọ nọ́ńbà 9 mú ń nàka sí mi pé èmi ni mo ni ín. Ọmọkùnrin tí kò ga ju èjìká mi lọ ló forí kàn án wọlé, kò tiẹ̀ fò. Kóòṣì wa ń wò wá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Kò kúkú mọ̀ wá.

Ẹ óò ní, "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lé kóòṣì, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé." Lóòótọ́, wọ́n máa ń wọlé. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Bas ter Weel, ti yẹ èyí wò nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Netherlands láti 1986 sí 2004. Ohun tó ṣe ló dùn mọ́ mi: kò wo àwọn tó lé kóòṣì nìkan. Ó wá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí nǹkan bàjẹ́ fún bákan náà tí wọn ò lé ẹnikẹ́ni, ó fi wọ́n wéra. Àwọn tó lé kóòṣì gbérí padà. Àwọn tí kò lé e náà gbérí padà, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín wọn. Ìgbà tí nǹkan bá burú jù ni wọ́n máa ń léèyàn, bọ́ọ̀lù tó ń lu òpó lóṣù tó kọjá á sì wọlé lóṣù yìí. Ẹni tó fi omi tútù wẹ̀ lọ́jọ́ tí ibà ń kúrò lára rẹ̀, ó dájú pé yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ omi.

Chelsea ńkọ́? Láàárín bí ọdún méjì tí Todd Boehly àti Clearlake gba ẹgbẹ́ náà ní 2022, owó tí wọ́n fi ra èèyàn ti kọjá bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Wọ́n lé Thomas Tuchel ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n lé Graham Potter ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe Lampard wá ṣe adelé. Ipò kejìlá. Manchester United náà fi ọdún kan kún ìwé Erik ten Hag ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n lé e ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, òun àtàwọn ìsọmọ̀gbè rẹ̀ kó £10.4 mílíọ̀nù lọ sílé. Wọ́n tún sanwó fún Sporting, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Portugal, kí wọ́n tó yọ̀ǹda kóòṣì wọn, Ruben Amorim. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí sí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń pariwo Manchester City, òmíràn ń pariwo Abramovich, olówó tó ni Chelsea tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé owó ò ṣiṣẹ́. Ìwádìí Stefan Szymanski, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, ti fi hàn tipẹ́ pé owó oṣù táwọn ẹgbẹ́ ń san ló ń bá ipò wọn lórí tábìlì rìn, ju owó tí wọ́n fi ń ra èèyàn lọ. Àmọ́ ta ló ń pariwo owó oṣù? Ẹ̀yin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ tuntun lẹ fẹ́ kà nínú ìròyìn. Ní ti Abramovich, ó lé Lampard ní oṣù kìíní ọdún 2021, Tuchel tó rọ́pò rẹ̀ sì gba Champions League ní oṣù karùn-ún. Ó ṣẹlẹ̀, mo gbà, ó sì lè tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ẹni kan náà tó gba ife yẹn náà ni wọ́n sì lé ní 2022.

Èmi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Manchester City na Arsenal mi ní 5-0. Granit Xhaka ti gba káàdì pupa kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, kò sí pọ́ìntì, kò sí góòlù, ìsàlẹ̀ tábìlì pátápátá. Mo fohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan pé tílẹ̀ bá fi mọ́ tí Mikel Arteta, kóòṣì wa, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ò wo Arsenal mọ́ láyé. Ọ̀rẹ́ burúkú ni, ó tọ́jú ohùn náà dòní. Stan Kroenke tó ni ẹgbẹ́ náà, tí gbogbo wa ń pè láhun, ò gbọ́ tiwa, kò lé e. Ipò karùn-ún ni wọ́n parí sáà yẹn sí, lẹ́yìn náà ó di ipò kejì fún sáà mẹ́ta tẹ̀ léra. Ẹ ẹ́ ní wọ́n náwó, ẹ ẹ́ dárúkọ Declan Rice. Wọ́n ná an. Àmọ́ ẹnì kan náà ló ń sọ irú èèyàn tó fẹ́ fún wọn lọ́dọọdún, àwọn tó dé sì ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ mu.

Nígbà tí wọ́n sinmi ìlàjì lọ́jọ́ yẹn, tí ara bọ̀dá náà ti rọ̀ díẹ̀, mo rọra bi í léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, tí ọ̀gá bá wá tú àpò báyìí, ta ni kó rà?" Ó rò ó, ó fọwọ́ họ irùngbọ̀n, ó dárúkọ èèyàn mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbá lẹ́yìn àtamátàsé.