Ọgbẹ́ Ni Wọ́n Fi Ìdánwò Yẹn Wọ̀n

A ti ka ìwé tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kọ sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí àwọn ọmọ tó yè nínú ìjàm̀bá tírélà ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí wọn kò sì yege ìdánwò sáà yìí, tún kíláàsì kan náà kà. Àlàyé tí wọ́n ṣe sí i ló dùn wá jù: pé ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé á ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Òtítọ́ kan fara pamọ́ síbẹ̀, wọ́n kàn dojú rẹ̀ dé ni. Ní ọdún 2006, ìwádìí kan jáde tó tẹ̀lé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà láti ọmọ ọdún 6 títí wọ́n fi pé 17. Àwọn tí máàkì ìdánwò làákàyè wọn (IQ, tí 100 jẹ́ àárín rẹ̀) ju 115 lọ ní kékeré, àìsàn ìpayà tó ń tẹ̀lé ìjàm̀bá, tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD, kò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn bíi ti àwọn yòókù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìwé kò yá lára rẹ̀ wá ni ewu yìí sún mọ́ jù, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ dì mú. Ẹ̀yin wá ní kó jókòó sẹ́yìn!

Ìpayà fúnra rẹ̀ a sì máa da ọpọlọ rú. Ọmọ tí kì í rí oorun sùn, tó ń rí tírélà yẹn lójú àlá, tó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún gbà, báwo ló ṣe fẹ́ fọkàn sí ìṣirò? Tíṣà á pè é, kò ní gbọ́. Ohun tó kọ́ lánàá á ti fò lọ lórí rẹ̀. Bó bá lé ní oṣù kan tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, dókítà ló yẹ kó rí i. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó yege dáadáa tí wọn kò lè wọ mọ́tò títí di òní. Ta ló béèrè wọn?

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a tún ń sọ ọ́, pé kí olùdámọ̀ràn wà ní ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tó ní ilé-ìwòsàn LAUTECH, tó tún ní ti Bowen, kò yẹ kó máa wá ẹni tí yóò bá ọmọdé sọ̀rọ̀ tì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ. Wọ́n á ní ẹ ní sùúrù, ẹ ní sùúrù: ọ̀rọ̀ náà ti sú wa.

Kí wọ́n fagi lé ìwé yẹn kí sáà tuntun tó wọlé. Kí àwọn ọmọ náà bá ẹgbẹ́ wọn lọ sí kíláàsì tó kàn, kí dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé ìdánwò síwájú wọn.