Kí Wọ́n Tó Lé Eku Kúrò Nínú Ìwádìí Gìrì Ọmọ Ọwọ́

Láti ìgbà tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kéde lóṣù Kẹrin ọdún 2025 pé àwọn yóò máa dín dídán oògùn wò lára ẹranko kù, tí NIH, àjọ ìjọba wọn tó ń fowó ti ìwádìí ìlera lẹ́yìn, náà sì sọ lóṣù Keje pé àwọn kò ní pe ìwádìí tó jẹ́ ti ẹranko nìkan síta fún owó mọ́, àtẹ́wọ́ ló ń dún. Àwa kò tíì pa tiwa, pàápàá lórí gìrì ọmọ ọwọ́ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní infantile spasms.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹranko lásán. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù márùn-ún tó jí lójú oorun, tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, tí apá rẹ̀ nà gbọọrọ, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra kí ìyá rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló ń bá a jà. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo, tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹranko, kì í ká jọ báyẹn. Ọmọ eku máa ń ká jọ bẹ́ẹ̀, kódà kí ojú rẹ̀ tó là, olùwádìí á sì jókòó ti fídíò, á máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbùkù wà lára iṣẹ́ eku náà o, a sì ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá gìrì yìí sílẹ̀ lára eku kò jọra. Abẹ́rẹ́ họ́mọ́ọ̀nù ACTH, tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ tó ní gìrì yìí láti ọdún 1958, ń ṣiṣẹ́ lára eku tí wọ́n fi kẹ́míkà NMDA dá gìrì sí lára. Lára eku tí wọ́n dìídì pa ọpọlọ rẹ̀ lára lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i, kò ràn án rárá. Lọ́dún 2014, họ́mọ́ọ̀nù estradiol dènà gìrì lára eku tó ní àbùkù jíìnì ARX, inú gbogbo ayé dùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ irú eku méjì yòókù, òfo ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ: kí oògùn tó dé ara ọmọ, kó kọ́kọ́ yege lára irú eku tó ju ẹyọ kan lọ. Kí wọ́n fún eku lóògùn lẹ́yìn tí gìrì ti mú un, nítorí kò sí ìyá tó ń gbé ọmọ lọ bá dókítà ṣáájú. Kí èsì òfo náà sì jáde síta. Ẹ wo oògùn vigabatrin: ó ń dá gìrì dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì lè ba ojú wọn jẹ́ títí ayé. Oògùn tuntun kì í ṣe fàájì fún àwọn òbí wọ̀nyí.

Kí ni àwọn aláṣẹ wá gbé wá? Kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yà ara kéékèèké tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Òfin mẹ́ta péré là ń béèrè, kò ju ojú ìwé kan lọ. Kí FDA àti NIH kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n ti ilé eku. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ṣì ń gbìmọ̀ lé e lórí, kí wọ́n sọ fún àwọn òbí, ọmọ mélòó ni wọ́n fẹ́ dán oògùn òfo wò lára kí ìpàdé náà tó parí.